Ọ̀nà Méjì sí Ẹ̀yìn Ẹ̀dọ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Òjò bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, kò sì dá títí mo fi kúrò níbi iṣẹ́. Olùdarí ilé ìwòsàn pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Bí wọ́n bá ti ní kí n jókòó, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ó ní a ò lè máa fi ọ̀nà ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ méjì sínú ìwé ìlànà ẹ̀ka wa mọ́, nígbà tó ti pẹ́ tí a ti lo ọ̀kan kẹ́yìn. Kí n gbé ti àtijọ́ àti tuntun yẹ̀ wò, kí n wo gbogbo ẹni tí a ti ṣe é fún, kí n sì kọ èyí tó sàn jù sílẹ̀ kí oṣù Kẹjọ tó parí. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi.

Ó ní, "Torí pé ẹ̀yin nìkan lọwọ́ yín mọ méjèèjì."

Òótọ́ ni. Àwọn tí a jọ kọ́ ti àtijọ́ ti lọ síbòmíràn, ọ̀kan nínú wọn sì ti kú. Àwọn ọmọ tuntun ò mọ̀ ju tuntun lọ. Mo ti ń fura sí ohun tí ìṣirò máa sọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí mo ṣe máa wí i fún Ọ̀gá, ẹni tó kọ́ wa ní ti àtijọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Inú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí ni mo wà láti ọ̀sán. Eruku ibẹ̀ mú mi sín títí. Àwọn fáìlì ìbẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ kọ wọ́n, lẹ́tà gbọọrọ gbọọrọ tó dẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń bá afẹ́fẹ́ jà lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí n máa kọ iye ẹ̀jẹ̀ tí a lò àti bí kíndìnrín oníkálukú ṣe rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mo kàn jókòó, mo ń wo ọwọ́ ìkọ̀wé.

Mo rántí ẹ̀dọ̀ àkọ́kọ́ tí a pààrọ̀. Èmi ni mo di irin tó fa egungun ìhà sókè mú, torí mo kéré jù láti ṣe nǹkan mìíràn. Tíátà ṣì ní fèrèsé nígbà náà, igi kan sì wà níta tí ẹyẹ máa ń bà lé. Ọ̀gá de iṣan ńlá ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ó gé e mọ́ ẹ̀dọ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Mi ò rí irú àyè òfìfo bẹ́ẹ̀ rí nínú ara èèyàn alààyè. Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ìta padà sọ́kàn ń hó gèè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti etí wá, Ọ̀gá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní, "Ẹ wá wò ó." Gbogbo wa wò ó. Apá mi ti kú tipẹ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Mi ò kọ iye kankan sílẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà

Mo lọ kí Ọ̀gá. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, nínú yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí ọgbà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèṣín lọ. Ọmọ rẹ̀ bu tíì fún un ní ìdajì ife kó má bàa dà á sára. Òun náà ṣe bí ẹni tí kò rí i pé ìdajì ni.

"Wọ́n ní o ń gbé mi lé òṣùwọ̀n." Mi ò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ ọ́.

"Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Mo ṣì ní etí ní ilé ìwòsàn yẹn."

"Ẹ̀yin kọ́ là ń wọ̀n, sà. Ọ̀nà méjèèjì ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀kan nínú méjèèjì, èmi nìyẹn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí. Ó wá ń béèrè àwọn tí a ti ṣe é fún: awakọ̀ yẹn ńkọ́, ìyàwó ọlọ́pàá ńkọ́, ṣé ọmọ rẹ̀ ti gboyè? Awakọ̀ ti kú, mo sì sọ fún un. Ó ní òun mọ̀, òun kàn fẹ́ gbọ́ bóyá mo ṣì rántí wọn ni.

Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà

Mo ń pe aláìsàn tó kàn wọlé láìgbé ojú sókè. Obìnrin kan wọlé, ó jókòó. Nígbà tí mo wò ó, ó ní, "Ìwọ tí o bẹ̀rù ọ̀pọ̀lọ́."

Tíńrín ni. Orí àga kan náà la jọ jókòó láti ìgbà tí a ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama títí a fi jáde. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ ní ká la ọ̀pọ̀lọ́, èmi ni mo dákú. Òun ló di ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ mú, òun ló là á, òun ló tún ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé mi kí n má bàa gba òdo. Lẹ́yìn ìyẹn ó lọ ṣe agbẹjọ́rò, ó bímọ, ó sanra, a sì ń ríra níbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ ọ̀rẹ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti ríra kẹ́yìn.

Ó ti gbẹ. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin adìyẹ tí wọ́n fọ́ sínú àwo, omi sì ti kún ikùn rẹ̀.

Ó ní, "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Orúkọ mi ló padà wá bá mi."

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹfà

Ìṣirò ò rọrùn bí mo ṣe rò. Ẹni tó bá kó gbogbo fáìlì jọ, tó wá sọ pé ti àtijọ́ pa èèyàn jù, irọ́ ló pa mọ́ Ọ̀gá. Ti àtijọ́, ìgbà àtijọ́ la ṣe é. Kò sí oògùn tó wà nísinsìnyí, ẹ̀jẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àwọn aláìsàn kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wa àfi tí àìsàn bá ti wọ̀ wọ́n lára tán. Mo yọ àwọn ọdún yẹn kúrò. Àwọn ọdún tí a ń ṣe méjèèjì papọ̀ nìkan ni mo fi ń wé ara wọn.

Tuntun ṣì gba iwájú. Ẹ̀jẹ̀ tí a ń lò dín kù, iṣẹ́ ń yára parí, kíndìnrín kì í sì í sábà daṣẹ́ sílẹ̀. Kò jù ú lọ bí àwọn ọmọ tuntun ṣe ń fi yangàn. Àmọ́ ó jù ú lọ.

Mo pa ìwé dé, mo lọ ro ọgbà. Ilẹ̀ rọ̀ dáadáa.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Keje

Àwòrán inú ikùn Tíńrín ti dé. Kókó jẹjẹrẹ kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ yẹn, ẹ̀yìn pátápátá ló lọ fara pamọ́ sí. Kò tíì tàn kálẹ̀, nítorí náà a lè pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ bá wa jókòó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó di báàgì ìyàwó rẹ̀ mọ́ àyà títí a fi sọ̀rọ̀ tán.

Mo ní, "Iṣan ńlá kan wà lẹ́yìn ẹ̀dọ̀ rẹ, òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ látìsàlẹ̀ lọ sọ́kàn. Ní ti àtijọ́, a máa gé ẹ̀dọ̀ mọ́ iṣan yẹn, a ó sì fi òmíràn rọ́pò méjèèjì. Ẹ̀rọ ni yóò máa gbé ẹ̀jẹ̀ gba ìta títí a ó fi rán an tán. Ní ti tuntun, a máa fi iṣan rẹ sílẹ̀ síbi tó wà. A máa bó ẹ̀dọ̀ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó wá pọn ẹ̀dọ̀ tuntun lé e bí ẹni pọnmọ."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Tuntun yẹn rọrùn létí."

"Ó rọrùn fún kíndìnrín náà, ó sì ti ń rẹ kíndìnrín tiẹ̀. Àmọ́ kókó yẹn fara ti iṣan nínú àwòrán. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, tí a wá ń bó o, a lè fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Á sì padà wá."

Tíńrín ronú bí agbẹjọ́rò. "Ọ̀kan lè ba kíndìnrín mi jẹ́. Èkejì lè fi jẹjẹrẹ sílẹ̀ sí mi lára."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò tiẹ̀ dín in kù fún mi."

"Ṣé kí n dín in kù?"

"Rárá o. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe wá bá ẹ."

Mo sọ fún un pé kò yẹ kí n la ọ̀rẹ́ mi, pé ẹlòmíràn wà tó lè ṣe é. Ó bi mí bóyá ẹlòmíràn yẹn mọ ọ̀nà méjèèjì. Mi ò lè purọ́ fún un.

Ẹtì, 4 Oṣù Keje

Olùdarí gbà pé kí n ṣe é, bí Dókítà Kékeré bá ti dúró ní òdìkejì tábìlì. Dókítà Kékeré ga ju gbogbo wa lọ, òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwa tó ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ́. A jọ wo àwòrán náà lára ògiri.

"Mo rò pé tuntun ṣeé ṣe, mà. Ẹ wo ibí yìí, bí ìlà fẹ́lẹ́ kan ṣe wà láàárín wọn."

"Mi ò rí ìlà. Ti àtijọ́ la máa ṣe."

Ó yí ojú kúrò lára ògiri. "Ẹ má bínú, mà. Ṣé àwòrán ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ó kàn wù yín?"

Mo ní kó lọ wo àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù. Inú bí mi títí mo fi délé. Nígbà tí mo ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni inú ò bí mi mọ́, torí mi ò mọ ìdáhùn.

Ẹtì, 11 Oṣù Keje

Ọkùnrin tí a ṣe é fún lóṣù tó kọjá lọ sílé lónìí. Ọ̀nà tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀. Òwú tí a fi ń rán iṣan tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje

Mo bẹ Ọ̀gá pé kó wá bá wa dúró ní tíátà lọ́jọ́ Tíńrín. Ọmọ rẹ̀ dá mi lóhùn kí Ọ̀gá tó lanu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí ọwọ́ bàbá mi ni?"

Mo ní, "Ojú wọn ni mo fẹ́, àti ẹnu wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe ti àtijọ́ kẹ́yìn."

Ọ̀gá ń wo òdòdó níta. Nígbà tó yá, ó béèrè ibi tí ẹ̀rọ wà. Mo ní wọ́n ti gbé e sínú yàrá ìpamọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n yẹ rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wò, pé rọ́bà ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó máa wá nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sìn mí jáde, ó ní láti ìgbà tí màmá òun ti kú, bàbá òun ò tíì béèrè ohunkóhun tó jọ mọ́ ọ̀la.

Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Keje

Wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde. Nọ́ọ̀sì àgbà tíátà, tó ti wà níbẹ̀ kí èmi tó dé, nù ún fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a ṣe é. Nígbà tí wọ́n tan án, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, èmi àti ìyá náà wo ara wa. A ti rí gbogbo wọn lójú ara wa: yàrá ìpààrọ̀ aṣọ tó há, kẹ́tùlù tó ń jò, ife oníkálukú lórí ìṣó, rédíò tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí. Àwọn ọmọ tuntun ń bi wá pé kí ló ń pariwo.

Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Keje

Ẹ̀dọ̀ kò tíì dé. A tún fa omi kúrò níkùn Tíńrín. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ ilé ìwé fún òun, kí n má sọ̀rọ̀ àìsàn. Mo sọ ti olùkọ́ orin tó máa ń sùn, tó sì máa ń jí gẹ́lẹ́ tí ẹnì kan bá ṣi ohùn gbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó sùn lọ. Mo jókòó tì í. Òógùn orí rẹ̀ rí bó ṣe máa ń rí nígbà tí a bá sáré dé láti pápá.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Keje

Wọ́n pè láàárọ̀ yìí. Ẹnì kan kú síbi tó jìnnà, àwọn èèyàn rẹ̀ sì gbà kí a mú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Mò ń lọ. Òjò ò rọ̀.

Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Keje

Ọwọ́ mi ṣì ń ro mí, àmọ́ kí n kọ ọ́ kí n má bàa gbàgbé.

Ọ̀gá dé kí a tó gbé Tíńrín wọlé. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ tinútẹ̀yìn bíi tàtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní fọwọ́ kan nǹkan. Nọ́ọ̀sì àgbà wọ aṣọ fún un, ó sì gbé àga gíga kan sẹ́yìn èjìká òsì mi. Ẹ̀rọ wà ní igun, a ti rọ omi sí i, ẹni tó ń darí rẹ̀ ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Dókítà Kékeré wà níwájú mi.

Ẹ̀dọ̀ náà le bí òkúta, ó ti súnkì. A tú u láti iwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀. Ó wá kan ẹ̀yìn. Mo ti pinnu ohun tí mo máa ṣe, mo kàn fẹ́ fi ìka wò ó kí n tó ní kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Mo ki ìka bọ àárín ẹ̀dọ̀ àti iṣan ńlá láti ìsàlẹ̀. Ó wọlé. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó wá dúró.

Ọ̀gá ní, "Kí lo bá pàdé?"

"Kókó ni, sà."

"Ṣé ó lẹ̀ mọ́ ọn ni, àbí ó kàn sinmi lé e?"

Mo tún fi ìka wò ó. Mo fẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn. Kí n sọ òótọ́ níbí tí ẹnì kankan ò ti ní kà á: mo fẹ́ kó lẹ̀, kí ẹ̀rọ yẹn lè tún hó lójú Ọ̀gá, kí àwọn ọmọ tuntun lè rí ohun tí a rí. Mo rọra ti ìka sí ẹ̀gbẹ́. Nǹkan náà yẹ̀.

"Ó sinmi lé e ni, sà."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

"Ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀, sà."

"Mo rí i. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti ń wò ó." Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Fi iṣan náà sílẹ̀ síbi tí Ọlọ́run fi í sí."

Ọwọ́ mi ò lọ. Mo ní, "Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

"Ìka ta ló wà níbẹ̀?"

"Tèmi."

"Ìwọ ló yẹ kó dá lójú nìyẹn."

Mo wo Dókítà Kékeré. Kò sọ nǹkan kan, kò sì fi ojú sọ nǹkan kan, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi. Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn iṣan kéékèèké tó so ẹ̀dọ̀ mọ́ iṣan ńlá, ìkan lẹ́yìn ìkan, èmi ń dè, òun ń gé. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn kókó, a gé fẹ́lẹ́ kan níbi tó fara kàn, a fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n pè padà: ó mọ́. Ẹ̀dọ̀ àtijọ́ jáde, iṣan ńlá wà níbẹ̀ gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sọ́kàn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ tí àga Ọ̀gá dún. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń na ọrùn láti rí i.

Dókítà Kékeré ló rán ojú òkè. Èmi ni mo fún un ní abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sàn ju tèmi lọ níbẹ̀. Nígbà tí a tú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ tuntun kúrò ní àwọ̀ eérú, ó pọ́n, ó tutù yọ̀yọ̀. Òróòro ti ń kán kí a tó pa ikùn dé.

Nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, Ọ̀gá jókòó, ó ń gbìyànjú láti tú okùn fìlà rẹ̀. Mo bá a tú u. Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fi wá gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 31 Oṣù Keje

Ìtọ̀ Tíńrín kéré jù. Kíndìnrín ń ronú. Mo dúró ti àpò ìtọ̀ bí ẹni tó ń dúró de omi ẹ̀rọ. Ká ní mo ti ṣe ti àtijọ́, ìtọ̀ ì bá má tiẹ̀ sí rárá. Ọkọ rẹ̀ bi mí ṣé kó lọ sílé. Mo ní kó lọ, kò lọ.

Ẹtì, 1 Oṣù Kẹjọ

Díẹ̀ sí i. Àwọ̀ rẹ̀ ti mọ́ díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

Ó tọ̀ dáadáa láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù sáré wá sọ fún mi bí ẹni tó ń kéde ìkómọ. Ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá lọ.

Mo sọ fún un, inú rẹ̀ dùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dákẹ́ níbẹ̀."

"Níbo, sà?"

"Tíátà. Lọ́jọ́ Ajé. Mò ń gbọ́ tí o ń mí. Mò ń gbọ́ irin tí nọ́ọ̀sì ń gbé sílẹ̀." Ó wo ọgbà. "Gbogbo èèyàn ní onígbòónára ni mí, pé mo máa ń pariwo mọ́ èèyàn. Ìyàwó mi pàápàá, tí mo bá délé, á ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ni. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò mọ̀ pé ó lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kọ ọ́ bó ṣe rí," Ọ̀gá wí. "Má ṣe kọ ọ́ nítorí mi."

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ

Mo ka ohun tí mo kọ níwájú gbogbo ẹ̀ka. Mo ní kí a máa lo ọ̀nà tuntun fún gbogbo ẹni tó bá ṣeé ṣe fún. Mo ní kí ti àtijọ́ wà nílẹ̀ fún ìgbà tí kókó bá lẹ̀ mọ́ iṣan lóòótọ́, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ lọ́dọ̀ wa sì kọ́ ọ. Mo ṣàlàyé ìdí tí mo fi yọ àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ kúrò. Olùdarí béèrè ṣé kò ní pẹ́ jù láti kọ́ wọn ní méjì. Dókítà Kékeré ló dá a lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ọ.

Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́ nígbà tí mo jáde, àmọ́ mo gba ẹ̀yìn tíátà àtijọ́ kọjá. Wọ́n ti dí fèrèsé yẹn pa. Igi ṣì wà.

Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹjọ

Tíńrín ń lọ sílé. Ó ti wọ aṣọ ara rẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹyinjú rẹ̀ funfun. Ọkọ rẹ̀ ti gbé ẹrù lọ sínú ọkọ̀.

Ó ní, "O ò tíì sọ fún mi. Ọ̀nà wo lo gbà?"

"Tuntun."

"Ìwọ tí o ní ti àtijọ́ lo máa ṣe. Ta ló yí ọkàn rẹ padà?"

"Ọ̀gá mi."

"Ọ̀gá wo? Ṣé bàbá tí wọ́n ní òun ló bẹ̀rẹ̀ ti àtijọ́?"

"Àwọn náà ni."

Ó wò mí, ẹnu rẹ̀ ń mì, ẹ̀rín wá bú jáde. Ó fi irọ̀rí di ojú ọgbẹ́ rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní kí n dákẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó rọlẹ̀, ó nawọ́ sí mi kí n fà á dìde. Mo fà á. A gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ kọ́ mi lápá, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń yà fún wa lọ́nà.